Dáyámọ́ńdì Méjì ní Igbó-Ọrà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi àtàtà, mo kí yín kú ìjókòó, mo kí yín kú àlàáfíà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n ṣe, tó fún mi ní ìka tí mo fi ń kọ̀wé, tó sì fún yín ní ojú tí ẹ fi ń kà á. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń sọ fún mi pé ibi tí àtùpà kò dé, ojú Olúwa dé ibẹ̀. Ìtàn tí mo gbé wá yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyá mi kò purọ́. Ẹ sún mọ́ mi, kí n rò ó fún yín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní ilẹ̀ Ìbàràpá, wọ́n bá Tísà Zachariah nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ bàbá náà ní Igbó-Ọrà. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Bámiṣẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí Bámiṣẹ́ ni àkọ́bí rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi káàdì ta ayò bíríìjì ló ṣubú sí, ilé kékeré onípáànù kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ìsípẹ́kítọ̀ Salome Àkànó dé ibẹ̀, wọ́n ti gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú, kò sì fọhùn. Salome dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. Obìnrin tó ga ni, kì í yára sọ̀rọ̀, bó bá sì ń ronú, orin ìsìn ló máa ń kùn sábẹ́ ètè.

Ẹ̀jẹ̀ wà létí tábìlì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀pà sísè fọ́n káàkiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ àga. Lórí tábìlì tó wà ní ìkángun yàrá, gíláàsì ojú bàbá àti bírò rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọ̀rọ̀ ti parí, màdáámù," ni Kọ́púrà Fàtáì wí. "A ti mú ẹni tó ṣe é. Wàhábì ọlọ́kadà ni. Òun ló gbé bàbá wá síbí, òun náà ló tún ní òun bá a nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún gbogbo ẹ̀wù rẹ̀."

"Fàtáì, ẹni tó gbé ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣé ẹ̀wù rẹ̀ yóò funfun ni?"

"Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, màdáámù. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kóòtù ló ń lọ."

Salome wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀pà kan nílẹ̀, ó wò ó. "Ta ló ń ta ẹ̀pà ládùúgbò yìí?"

Hàlímọ̀ ni orúkọ obìnrin tó ń ta á, ẹ̀gbẹ́ géètì ilé ẹ̀kọ́ ni ìkòkò rẹ̀ wà. Bó ti gbọ́ orúkọ bàbá ni omi lé sí i lójú.

"Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, aago mẹ́ta ń lọ lù. Ó ní kí n fi èènì sí i. Mo fi sí i. Ó ní kò tó. Ojoojúmọ́ ni èmi àti bàbá yẹn máa ń jà lórí èènì!" Ó fi etí ìró nu ojú. "Ṣé kò ní kú, màdáámù? Tó bá lajú, ẹ sọ fún un pé odidi kóńgò ni n ó fi ṣe èènì fún un."

"Wàhábì ọlọ́kadà ńkọ́?"

"Ó ti lọ tipẹ́ nígbà yẹn. Ìyá kan tó ní àpò gàrí ló gbé lọ sọ́nà Ìdèrè. N kò rí i mọ́ títí ariwo fi ta."

"Ta ni o tún rí tó wọ ibí?"

"Màdáámù, ojú mi wà lára ìkòkò."

Salome padà sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó nàka sílẹ̀. "Fàtáì, wo ẹ̀pà yìí. Láti ìta ni bàbá ń bọ̀ nígbà tí ọwọ́ bà á. Ẹnì kan ti wà nínú ilé ṣáájú rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà lápò, aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì yẹn nìkan ni wọ́n gbé. Ta ló ń bọ́ gíláàsì ojú sórí tábìlì òfìfo?"

Fàtáì họ orí.

Níwájú àgọ́ ọlọ́pàá, Jàmílàt ìyàwó Wàhábì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù, inú rẹ̀ sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ní Igbó-Ọrà, wọn kì í bi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bóyá ìbejì ni. Ó di ọwọ́ Salome mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ní kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá gbé ọkọ mi lọ lọ́jọ́ Ajé, ojú ta ni àwọn ọmọ yìí máa kọ́kọ́ rí? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá bàbá wọn lẹ́wọ̀n."

"Jẹun," ni Salome wí fún un. "Má fi ebi pa wọ́n. Ó di ọjọ́ Ajé kó tó di ọjọ́ Ajé."

Nínú àhámọ́, Wàhábì kò lè jókòó. "Màdáámù, bàbá yẹn ló kọ́ mi ní ìṣirò! Ó nà mí títí mo fi gbọ́n. Ṣé èmi ni n ó wá lù ú? Ó ní kí n wá gbé òun ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Mo dé, mo fọn fèrè, kò dáhùn. Mo wọlé, mo bá a báyẹn, mo gbé e mọ́ra, mo pariwo."

"Kí ló ń ṣe ní gbọ̀ngàn lọ́sàn-án?"

"Ìwé pélébé búlúù rẹ̀ ló fẹ́ jókòó tì, nítorí ìdíje ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀kadà mi gan-an ló ti ń kà á. Mo ní, 'Bàbá, ẹ dì mí mú o.' Ó ní kí n gbájú mọ́ ọ̀nà."

Salome kọ ọ́ sílẹ̀: ìwé búlúù. Ìyẹn ni tábìlì kò ní mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ sílé Hàjíà Rùkáyyàh. Agbẹ̀bí ni Hàjíà kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbejì ìlú náà ló kọ́kọ́ sunkún lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni òun àti Bàbá Bámiṣẹ́ ti jọ jẹ́ ẹnìkejì ara wọn nídìí bíríìjì. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti sọ fún Fàtáì pé lọ́jọ́bọ̀, ariwo àwọn méjèèjì gba àdúgbò kan.

"Hàjíà, wọ́n ní ẹ sọ fún Bàbá pé bó bá dán an wò, ẹ̀yin àti òun ti parí. Kí ló fẹ́ dán wò?"

Hàjíà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o mọ bíríìjì?"

"Mi ò mọ̀ ju wọ́ọ̀tì lọ."

"Jókòó nígbà náà. Ènìyàn mẹ́rin ní í ta á, méjì sí méjì. Ẹnìkejì mi á jókòó kọjú sí mi. Ìdílé mẹ́rin ni káàdì: háàtì, dáyámọ́ńdì, sípéèdì àti kílọ́ọ̀bù. Kí ẹnikẹ́ni tó já káàdì sílẹ̀, a ó kọ́kọ́ pè. Bí mo bá pe sípéèdì, mo ní kí ìdílé sípéèdì ṣe ọ̀gá lórí àwọn yòókù, mo sì ń ṣèlérí iye ìgbà tí àwa méjèèjì máa borí. Ṣùgbọ́n mi ò rí káàdì ọwọ́ ẹnìkejì mi. Mi ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí i, mi ò gbọdọ̀ wúkọ́. Ìpè yẹn nìkan ni ẹnu tí a ní."

"Ẹ ó ti ṣàdéhùn ìtumọ̀ rẹ̀ láti ilé nìyẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Orí rẹ pé. Ṣùgbọ́n àdéhùn kọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀ o. A ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, a ó gbé e sórí tábìlì kí àwọn alátakò rí i. Bí wọ́n bá bi wá, dandan ni ká sọ. Ẹni tó bá fi pamọ́, olè ni."

"Kí ló wá fa ìjà?"

Hàjíà mí kanlẹ̀. "Láti ogún ọdún, bí mo bá pe 'Ọ̀kan, kò sí ọ̀gá', pé kí ìdílé kankan má ṣe ọ̀gá, tí Bàbá sì dáhùn pé 'Dáyámọ́ńdì méjì', dáyámọ́ńdì ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tán. Lọ́jọ́bọ̀ ló wá sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, bí òun bá ti pe dáyámọ́ńdì méjì, háàtì ló pọ̀ lọ́wọ́ òun, òun kàn fi ń ránṣẹ́ ni, kí èmi sì pe háàtì náà fún òun. Mo ní, 'Bàbá Bámiṣẹ́, ṣé ìgbà ogbó la ń yí orúkọ ọmọ padà?' Ìjà tí wọ́n gbọ́ nìyẹn."

"Ẹ wá gbà fún un nígbà wo?"

"Àárọ̀ àná. Orí àga tí o wà yẹn ló jókòó sí, ó rọ̀ mí títí mo fi gbà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé búlúù rẹ̀ lójú mi. Ó ní òun yóò tún ìwé àdéhùn ti orí tábìlì kọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Kò ráyè kọ ọ́ o."

"Ta ni ẹ sọ fún?"

"Ta ni n ó sọ fún? Ojú ń tì mí pé mo gbà. Èmi, òun, àti Ọlọ́run."

"Níbo ni ẹ wà ní aago mẹ́ta?"

"Mo kírun Jímọ̀ tán, mo dé ilé, mo sùn. Èmi nìkan. Opó ni mí." Hàjíà tẹjú mọ́ ọn. "Èmi lo fura sí?"

"Gbogbo ènìyàn ni mo fura sí, Hàjíà. Ẹ má bínú."

"N kò bínú. Agbẹ̀bí tó bá ń bẹ̀rù igbe kò ní gba ọmọ. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ó di Ẹ̀rúwà. Àwọn ọkùnrin ìjọ kan ń kọ́ orin ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn nígbà tí Salome dé. Ẹni tó wá rí níbẹ̀ ni Alàgbà Láńrewájú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje bíríìjì Ìbàràpá. Ọdún mẹ́rin léra wọn ni Bàbá Bámiṣẹ́ àti Hàjíà ti ń fẹ̀yìn òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Màmá Ìbílọlá, gbálẹ̀.

Salome jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́ orin. Ó rí i pé àpò ìwé orin aláwọ onísípì kan wà ní abíyá Alàgbà, ó fún un mọ́ra pinpin, ṣùgbọ́n ìwé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń na ọrùn wò.

"Ọ̀rẹ́ mi ni Zachariah," ni Alàgbà wí nígbà tó jáde wá. "N kò sùn lánàá. Ẹ ṣáà ti mú ọlọ́kadà yẹn, àbí? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ó lè jẹ́ ibà ló pa á, Alàgbà. Níbo ni ẹ wà lọ́sàn-án àná?"

"Oko ẹ̀gẹ́ mi ní Láńlátẹ̀, títí di ìrọ̀lẹ́."

"Pẹ̀lú ta?"

"Èmi àti Ẹlẹ́dàá mi."

"Ẹ̀yin náà kò ní ẹlẹ́rìí," ni Salome wí jẹ́ẹ́. "Ṣé ìdíje òní ṣì wà?"

"Zachariah fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ ká dá a dúró. Òfin wa sì gbà kí ẹlòmíràn jókòó rọ́pò ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, bí Hàjíà bá rí ẹni mú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò rọrùn láti rí irú rẹ̀."

Wọ́n ké láti inú ilé pé, "Alàgbà, ẹsẹ kẹta!" Ó yí padà.

"Ẹ kò ṣí ìwé orin tiyín," ni Salome wí.

"Sípì rẹ̀ ló há," ni Alàgbà dáhùn, ó sì tún fún un mọ́ra.

Lójú ọ̀nà tó padà sí Igbó-Ọrà, Salome ń kùn orin tí wọ́n ń kọ́ náà. Ó ń rò ó pé Hàjíà kò nílò láti jí ìwé búlúù. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò jí i. Ṣùgbọ́n èrò kì í ṣe ẹ̀rí, bó bá sì lọ tú àpò alàgbà ìjọ lórí èrò lásán, ọ̀gá rẹ̀ yóò gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, Wàhábì yóò sì lọ sí kóòtù.

Ó tún kanlẹ̀kùn Hàjíà. "Hàjíà, ẹ kọ́ mi ní bíríìjì. Wákàtí mẹ́ta la ní."

"Wákàtí mẹ́ta! Ogún ọdún ni mo fi kọ́ ọ." Ṣùgbọ́n ó ti ń to káàdì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìpè kan tún wà tí wọ́n ń pè ní dọ́bù. Ohun tí Alàgbà àti Màmá Ìbílọlá kọ sínú ìwé tiwọn rèé. Bí alátakò bá pe ìdílé tó ní lọ́wọ́ lóòótọ́, dọ́bù ń sọ fún ẹnìkejì pé, 'N kò ní ìdílé yẹn, mú òmíràn.' Ṣùgbọ́n bí alátakò bá pe ìdílé tí kò ní, tó kàn fi ń ránṣẹ́, dọ́bù ń sọ pé, 'Ọwọ́ tèmi ni ìdílé yẹn pọ̀ sí.'"

Salome gbé káàdì sílẹ̀. Orin ti dúró lẹ́nu rẹ̀. "Ìpè dáyámọ́ńdì méjì yẹn, ṣé ó dájú pé yóò wáyé lónìí?"

"Nínú ogún ìpín káàdì? Kò ní ṣàìwáyé. Èwo la ó lò, ti àtijọ́ tàbí ti tuntun?"

"Ti àtijọ́, bó ti wà nínú ìwé orí tábìlì. A kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni, Hàjíà. Ẹni tó bá gba ìwé orí tábìlì gbọ́, ohunkóhun kò ní ṣe é."

Aago mẹ́ta ọ̀sán, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jókòó sí tábìlì ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Nígbà tí Salome wọlé pẹ̀lú aṣọ àdìrẹ, tó jókòó sórí àga Bàbá Bámiṣẹ́, ìkùnsínú gba ilé. Fàtáì dúró létí ògiri. Alàgbà Láńrewájú gbé àpò ìwé orin rẹ̀ sí itan.

"Màdáámù ọlọ́pàá! Ṣé ẹ wá mú káàdì ni?"

"Mo wá kọ́ ọ ni, bàbá. Ìwé àdéhùn wa nìyí lórí tábìlì. Bí ohun kan bá rú yín lójú nínú ìpè wa, ẹ béèrè."

Alàgbà béèrè lóòótọ́. Ó jẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ kí ìpè kan kọjá lásán. Hàjíà kò tíì panu dé tí yóò ti ní, "Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?" Màmá Ìbílọlá, olùkọ́ jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fi ìka tọ ìlà ìwé, á rẹ́rìn-ín pé, "Alàgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mí." Salome ń fi ìbẹ̀rù já káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà kan tó di káàdì mú fún ìgbà pípẹ́, Alàgbà ní, "Màdáámù, káàdì kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n o, ẹ tú u sílẹ̀." Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín, Salome náà rẹ́rìn-ín.

Ní ìpín kọkànlá, Hàjíà wo káàdì rẹ̀, ó ní, "Ọ̀kan, kò sí ọ̀gá."

"Mo kọjá," ni Màmá Ìbílọlá wí.

Salome wo ọwọ́ rẹ̀. Dáyámọ́ńdì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kékeré-kékeré gbogbo wọn. Háàtì kan ṣoṣo. "Dáyámọ́ńdì méjì," ó wí.

Alàgbà Láńrewájú kò béèrè. Kò wo ìwé. "Dọ́bù," ó wí kíá.

"Mo kọjá," ni Hàjíà wí.

Màmá Ìbílọlá fi ìka tọ ìlà inú ìwé àdéhùn Hàjíà: dáyámọ́ńdì méjì, dáyámọ́ńdì ló pọ̀. Ìpè tòótọ́ nìyẹn. Ẹnìkejì òun sì ti ní kí òun mú ìdílé mìíràn. "Háàtì méjì," ó wí.

Ojú Alàgbà pọ́n. Ó gbàgbé òfin, ó gbàgbé ipò, ó gbàgbé pé Ọlọ́run ń gbọ́. "Háàtì kẹ̀! Màmá Ìbílọlá, ṣé orí rẹ dá ṣá? Ọwọ́ obìnrin yìí ni háàtì wà, ìwọ ń pe háàtì lé e lórí!" Ìka rẹ̀ nà sí Salome.

Fàtáì kúrò létí ògiri, ó sún mọ́ tábìlì.

Salome tẹ́ káàdì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sókè. "Háàtì kan rèé. Dáyámọ́ńdì mẹ́fà rèé. Ohun tí ìwé sọ ni mo pè. Alàgbà, ta ló sọ fún yín pé háàtì ló wà lọ́wọ́ mi?"

"Mo... Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Káàkiri ayé ni."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni ẹ ti ń bá Hàjíà àti Bàbá ta? Ṣé wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ rí?"

Alàgbà di àpò ìwé orin rẹ̀ mú lórí itan.

"Láti aago mẹ́ta ni ẹ ti ń béèrè ìtumọ̀ gbogbo ìpè wa, títí dé èyí tí ọmọdé mọ̀. Èyí nìkan ni ẹ kò béèrè. Ẹni tó ti mọ ọ̀nà kì í bi ará ilé. Àárọ̀ àná ni Bàbá Bámiṣẹ́ yí ìtumọ̀ ìpè yìí padà sí háàtì. Ìwé orí tábìlì kò gbọ́, Hàjíà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Bàbá kò sì tíì lajú. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí èèyàn ti lè kà á: ìwé búlúù tí wọ́n jí gbé níbí lọ́sàn-án àná. Ìwé yẹn ló tàn yín, Alàgbà. Ẹni tó gba ti orí tábìlì gbọ́ kò ṣìnà." Ó nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpò ìwé orin yẹn."

"Sípì rẹ̀ há!"

Màmá Ìbílọlá ti ń wo ẹnìkejì rẹ̀ bí ẹni ń wo àjèjì. Ó nawọ́ sórí itan rẹ̀, ó fa sípì náà. Ó ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí epo. Ìwé pélébé búlúù jábọ́ sáàárín káàdì.

Alàgbà Láńrewájú bo ojú.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé ipò kejì padà sí Ẹ̀rúwà. Mo ti sọ nínú ìjọ pé ti ọdún yìí yóò yàtọ̀. Mo wá gbé ìwé ìdíje sílẹ̀ ni, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, mo rí ìwé rẹ̀. Mo ní n ó kàn wò ó. Ó wọlé tòun tẹ̀pà lọ́wọ́, ó ní, 'Láńre, ìwọ?' Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè mí. Mo fẹ́ sá jáde, mo tì í. Orí rẹ̀ gba tábìlì."

"Ẹ gbọ́ bó ti ṣubú," ni Hàjíà wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ, ẹ gbé ìwé, ẹ sì lọ."

"Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gbé e mọ́ra sùn sí àhámọ́ nítorí yín," ni Salome fi kún un. Kò pariwo. "Ti títì yẹn, ẹ lè pè é ní àṣìṣe. Orin ìkórè ti àárọ̀ yìí ńkọ́? Fàtáì, mú bàbá lọ. Rọra mú un, àgbàlagbà ni."

Kí Fàtáì tó dé ẹnu ọ̀nà, Salome ti ń pe àgọ́ lórí fóònù pé kí wọ́n tú Wàhábì sílẹ̀ kíákíá. Ìdáhùn tó gbọ́ mú un fò sókè. "Hàjíà! Ìrọbí ti mú Jàmílàt lórí bẹ́ǹṣì!"

Hàjíà ti bọ́ sí ìta kó tó parí ọ̀rọ̀. Wàhábì fúnra rẹ̀ ló gbé ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó yá, tòun tẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ tó gbẹ sí i lára. Kó tó di pé wọ́n pe ìrun alẹ́, akọ kan àti abo kan ti dé. Wọ́n tẹ́ wọn sórí ibùsùn kan, oníkálukú kọjú sí èkejì rẹ̀. Hàjíà wò wọ́n, ó ní, "Ẹ wo àwọn yìí. Wọ́n ti jókòó ẹnìkejì. Ó ku káàdì."

Wàhábì sún mọ́ ibùsùn. Ó fi ìka kan tọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, ó wo Salome, ó sì bú sẹ́kún.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Bámiṣẹ́ lajú. Hàjíà àti Salome jókòó tì í. Ó wo òrùlé, ó wo Hàjíà, ó ní ní ohùn wẹ́wẹ́, "Ìdíje ńkọ́? Kí ni ẹ pè?"

"Dáyámọ́ńdì méjì ni ọlọ́pàá yìí pè."

"Háàtì ló ní?"

"Rárá o. Dáyámọ́ńdì! Ti àtijọ́ la lò, Bàbá Bámiṣẹ́. Ti àtijọ́ ló gbà wá."

Bàbá pa ojú dé, ẹ̀rín sì yọ létí ẹnu rẹ̀. "Mo mọ̀ pé n kò ní gbọ́ tán lẹ́nu yín láéláé," ó wí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ká a dé ìhín, kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ rù. Ẹni tó jókòó kọjú sí yín nílé, lọ́jà àti nínú ìjọ, kí Ó má jẹ́ kó ní àdéhùn kọ̀rọ̀ sí yín. Bí ọ̀rọ̀ yín bá wà lórí tábìlì, kí Ó jẹ́ kí wọ́n gbà yín gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi tiyín pamọ́, kí Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí sípì náà. Ẹ ó gbọ́ igbe ayọ̀ nínú ilé yín. Àmín.